Ọ̀nà Tí A Gbé Kúrò Lórí Ìta Àgbálùmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń ti yunifásítì ní Ìjagun wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa kéèyàn kọ́, ẹ̀yin lẹ fà á tí mo fi mú bírò. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ lọ wa kátapílà, àwọn ìyá yín á ní mo fẹ́ ba tiyín jẹ́. Bí mo bá sì ní kẹ́ ẹ máà wà á, irọ́ ni mo pa, nítorí mi ò mọ ìjókòó ọba kan tí mo lè fi ìjókòó tí mo jókòó sí lórí ẹ̀rọ yẹn pààrọ̀. Mo wá rò ó pé kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí, kí oníkálukú yín wá fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ kún un.

Mùfútáù lorúkọ mi, àmọ́ Bàbá Kátà ni gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ mí sí. Ilẹ̀ ni mo fi ọjọ́ ayé mi tì. Mo ti ti ilẹ̀ jọ títí ó fi di ọ̀nà, mo sì ti ti ọ̀nà ká títí ó fi padà di ilẹ̀. Èyí èkejì ló ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Ẹni tí mo bá sọ fún pé wíwó ọ̀nà dùn mọ́ mi ju lílà rẹ̀ lọ máa ń wò mí bíi pé ọpọlọ mi ti ń daṣẹ́ sílẹ̀.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn rárá: bàbá mi mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Owó tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ẹ jẹ́ á gba ibẹ̀ yẹn kọjá.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gá Ọdúyẹmí, ọmọ Ìta Àgbálùmọ̀ níbí. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó dúdú, ó gbó ṣaṣa. Ó tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín, ọjọ́ Sátidé nìyẹn, nígbà tí a bá ti ṣíwọ́. Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá dé ni n ó gun kátapílà, kí àwọn ọmọbìnrin Òdogbolu, ìlú tí mo ti wá, lè rí mi lókè. Ọ̀gá fún mi ní àkísà àti garawa omi. Ó ní kí n fọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹsẹ̀ kátapílà, ẹ mọ̀ pé irin ni, ó sì pọ̀. Mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, mo fọ̀ ọ́ títí mo fi gbàgbé pé nǹkan mìíràn ni mo bá wá.

Òfin kan ló wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, kò sì sí ẹni tó lè bá a jà lórí rẹ̀: ẹni tí kò bá tíì kí àgbà ilé rẹ̀ láàárọ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan irinṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ń pa á mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Bíọ́lá, tó ń yan gàrí, ń gbé ní òdìkejì ìta. Ìta yẹn ni gbagede tó wà láàárín àdúgbò, tí igi àgbálùmọ̀ ńlá kan dúró sí, tí àpáta pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ ojú ayò sí. Ilẹ̀kùn Ọ̀gá kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò ré ìta kọjá, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá Bíọ́lá kì í gbójú sókè kúrò nídìí agbada gàrí. Bí oòrùn kò bá tíì yọ, á ní, "O tètè dé lénìí." Bó bá ti yọ, á ní, "O pẹ́ lénìí." Lẹ́yìn náà ni yóò na abọ́ gàrí sí i. Kò sí nǹkan mìíràn tí wọ́n ń bára wọn sọ, ó sì tó wọn.

Bí a bá dé ibi iṣẹ́, ó tún ku ìkíni kan. Ọ̀gá á yí ẹ̀rọ ká, á fọwọ́ kan gbogbo bóòtù rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń kán, á gbá a létí bí ẹni ń jí ọmọ, kó tó gùn ún. Kíkí ẹ̀rọ là ń pè é. Lọ́jọ́ kan mo kánjú, mo gun ẹ̀rọ, mo tanná sí i láìkí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wá, ó pa á.

"Mùfú, ìyá rẹ ńkọ́ láàárọ̀ yìí?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ìyá mi wà ní Òdogbolu. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo sùn."

"Ṣé ìyá ẹni tó bá wà ní Òdogbolu ti kúrò ní ìyá ẹni ni? Lọ kí i."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Nígbà tí ìyá mi rí mi nínú òógùn, ó ju igbá tó mú dání sílẹ̀, ó fọwọ́ lérí: "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo kàn wá kí wọn káàárọ̀ ni. Ó wò mí títí, ó ní kí n jókòó, ó lọ pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n bá òun wo ojú mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jí, ìkíni ló ń ṣáájú.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí n bọ́ bàtà. Ọ̀gá á ní kí n dúró lórí ilẹ̀ kan, kí n di ojú, kí n sọ bóyá ilẹ̀ àbáláyé ni àbí ilẹ̀ tí a kó wá dà síbẹ̀. Bí mo bá ṣì í, á fi àkísà nà mí lọ́rùn. Ilẹ̀ àbáláyé tutù, ó sì dì. Ilẹ̀ àkódà máa ń jẹ́ kí gìgísẹ̀ wọlé díẹ̀, bó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, títí ẹsẹ̀ mi náà fi dá ilẹ̀ mọ̀.

Ìgbà tí mo ti ń wa ẹ̀rọ fúnra mi ni ìròyìn ọ̀nà ńlá dé. Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó fipá gbé ọ̀nà yẹn wá sí Ìta Àgbálùmọ̀. Àwọn àgbààgbà ibẹ̀ ló lọ bẹ ìjọba fún un. Wọ́n gbọ́ pé àdúgbò kejì ni ọ̀nà fẹ́ gbà, ara wọn kò gbà á. Ìjẹ̀bú kọ́ ni wọ́n ni? Ibi tí ọ̀nà bá wà ni ọjà wà, ibi tí ọjà bá wà ni owó wà. Wọ́n wọ aṣọ òfì, wọ́n to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí a fi fà á wá sọ́dọ̀ wọn. Àdúgbò kejì bínú débi pé wọn kò bá wọn jẹun ọdún. Ọjọ́ tí a kó ẹ̀rọ dé, wọ́n ti gbá ìta mọ́ tónítóní dè wá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ni bí ọ̀nà náà yóò ṣe ga tó. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi máa ń dúró sí i, nítorí náà wọ́n ní kí a kó ilẹ̀ pupa jọ gíga, kí ọ̀nà gba orí rẹ̀ kọjá. Típà ń já ilẹ̀, àwa ń tì í, rólà ń tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀ ga ju ògiri lọ, ó ga ju fèrèsé lọ. Ọjọ́ tó dọ́gba pẹ̀lú òrùlé ni bàbá àgbàlagbà kan wá bá ẹni tó ń wọn ilẹ̀.

"Ọmọ mi, níbo ni ọ̀nà yìí yóò ti sọ̀ kalẹ̀ fún àwa?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí ọ̀nà jíjìn réré, lápá ibi tí afárá wà. Bàbá náà tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ wò, ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó tún un dé, ó sì padà sílé. Wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà tó gba orí wọn kọjá.

Ọ̀gá mi ló ti ilẹ̀ bo ìta bàbá tirẹ̀. Iṣẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n gé igi àgbálùmọ̀ tán, tó ku àpáta ayò, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

"Mùfú, wá yanrìn funfun, kó o kọ́kọ́ dà á bò ó, kó nípọn. Lẹ́yìn náà ni kó o da ilẹ̀ pupa."

"Kí ló dé, Ọ̀gá? Abẹ́ ọ̀nà ni yóò sá wà."

"Ohun tó o bá máa sin, sin ín dáadáa."

Mo ṣe bó ṣe wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo rí i nísàlẹ̀ ilẹ̀ gíga náà, ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rékọjá. Ó gùn ún, ó sọ̀ lódìkejì, ó kí i. Ó ń gùn ún bẹ́ẹ̀ títí a fi da ọ̀dà, tí wọ́n ri irin sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé. Ó wá di pé ẹni tó bá fẹ́ ré e kọjá ń fi ẹ̀mí wéwu ni. Ẹ̀yin náà mọ Erédò, odi ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ wà yí Ìjẹ̀bú ká. Erédò ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ọ̀tá. Tiwa yìí, àbúrò ló ń dáàbò bò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀gá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ afárá lọ yípo. Nígbà tó yá, orúnkún kò gbà á láàyè mọ́. Ọmọ rẹ̀ máa ń fi mọ́tò gbé e lọ nígbà ọdún, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sọ fún mi pé, "Ìbẹ̀wò nìyẹn, Mùfú, kì í ṣe ìkíni. Ẹni tó bá ní láti wọ mọ́tò kó tó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀, àlejò ni." Fóònù dé, etí Ìyá Bíọ́lá sì ti ń lọ, "hàlóò" nìkan ló ń gbọ́. Ohun tí Ọ̀gá ń fẹ́ lẹ́yìn náà láyé kò ju ẹyọ kan lọ: kó tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ré ìta kọjá, kó lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn láàárọ̀, kó tó kú.

Mo ti ṣáájú ara mi. Kí orúnkún rẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀, àjálù kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò ní gbàgbé, nítorí mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ kan tiro títí dòní. Òjò ni. Ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á láti inú garawa, kò dá. Páìpù ńlá tí wọ́n rì sábẹ́ ọ̀nà kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá ti dí fún pàǹtí. Ilẹ̀ gíga wá di ìsé omi. Lápá ti Ìyá Bíọ́lá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí. A ń gbọ́ igbe láti òkè ọ̀nà.

Ọ̀gá kò tíì fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ó ní, "Mùfú, lọ gbé ẹ̀rọ wá. A ó la ọ̀nà yìí."

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló pàṣẹ?"

"Omi ló pàṣẹ."

Ó dá mọ́tò dúró lápá kan, àwọn ọ̀dọ́ dá wọn dúró lápá kejì. Mo fi abẹ ẹ̀rọ bẹ ọ̀dà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀ ká láti ẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ ti mu omi yó. Mo gbọ́ tó ń ró kùù nísàlẹ̀ mi, bíi pé ikùn ń kùn, iṣẹ́ sì ti wọ̀ mí lára, mi ò fiyè sí i. Ọ̀gá ló mọ ohun tó jẹ́, ó figbe ta: "Fò! Mùfú, fò!" Mi ò bi í léèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń gbọ́ràn sí ọkùnrin yẹn lẹ́nu. Mo fò. Ilẹ̀ ya gbàà, kátapílà dojú bolẹ̀ bọ́ sínú àfọ̀, ẹsẹ̀ mi sì kán lára irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ níbẹ̀ ni mo rí omi tó ń gba àárín ọ̀nà jáde, pupa bí epo, ó ń bú ramúramù. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí débi tí mo gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. A kọ́ ọ̀nà yẹn bí ẹni pé kò ní kúrò láyé, omi sì yà á bí ẹni ya ewé.

Ilé fọ́, ẹrù lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí omi fà tán, àyè kan ṣí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Àwọn ará ìhín dúró, wọ́n ń wo àwọn ará ọ̀hún. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ọ̀nà dé kò tíì rí ojúlé tó wà ní iwájú ilé wọn rí. Obìnrin kan ń nawọ́ sí wọn: "Ilé àǹtí bàbá yín nìyẹn. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n bí mi sí." Ọ̀gá mi ká ṣòkòtò sókè, ó wọ àfọ̀ náà lọ, ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Títí wọ́n fi wá dí ojú ibẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n tún un dí, wọ́n ri páìpù tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n da ọ̀dà. Ọ̀gá wá bẹ̀ mí wò ní ibi tí wọ́n ti ń to egungun mi, ó jókòó.

"Wọ́n ti dí i," ló sọ. "Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ó ṣeé là."

Ó fẹ̀yìn tì, èmi ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ ń yí padà lójú mi. Èyí tí mo kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀, wáyà irin ló fi ń gbé abẹ rẹ̀ sókè, apá èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ kó tó gbọ́ràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń fi ọ́ìlì gbé ara rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ni pélódà, àti ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ gígùn tó ń wa ilẹ̀ bí ẹni fi ṣíbí bu ọbẹ̀. Èyí tí mo lò gbẹ̀yìn ní afẹ́fẹ́ tútù nínú, ó ní ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń sọ bí kòtò tí mo gbẹ́ ṣe jìn tó. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ inú rẹ̀ mo jókòó, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣì sọ̀ kalẹ̀, mo yí i ká, mo kí i. Ẹ̀rọ tó bá gbọ́n tó yẹn, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n ti la ọ̀nà mìíràn gba ẹ̀yìn ìlú, tí tírélà ti ń gba ibẹ̀, ọ̀nà orí Ìta Àgbálùmọ̀ dá páropáro. Koríko hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dà bó. Àwọn ará àdúgbò, lápá méjèèjì, àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí a bí lásìkò kan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba wó o. Àwọn tí bàbá wọn bẹ̀bẹ̀ kó wá ló ń bẹ̀bẹ̀ kó lọ. Mo wà ní ìpàdé tí wọ́n ti jíròrò rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì dìde pẹ̀lú ìbínú.

"Kí lẹ wí? Kí á wó ọ̀nà? Ayé ń lọ síwájú, ẹ̀yin ń lọ sẹ́yìn! Àwọn ìlú mìíràn ń sunkún pé àwọn kò ní ọ̀nà."

Obìnrin kan tó ń rán aṣọ dá a lóhùn láti ìjókòó rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀nà tí mi ò lè gbà dé iwájú ilé mi, ọ̀nà ta ni?"

Ìgbà náà ni ẹnjiníà tí ìjọba rán wá yẹ ọ̀nà náà wò dìde, ọmọbìnrin Èkìtì kan tó ń jẹ́ Ọmọ́tọ́lá. Ó ní ọ̀nà kì í ṣe òrìṣà. Bí a bá ṣe é kó lè ṣe wá láǹfààní, tí kò sì ṣe é mọ́, a lè kó o kúrò. Ó ní òun ti fẹsẹ̀ rìn ín yípo gba abẹ́ afárá, bí àwọn arúgbó ṣe ń rìn ín, ó sì rẹ òun. Mo wo ọmọ náà, mo ní lọ́kàn mi pé èyí ni n ó bá ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí i, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ó kọ́ mi níṣẹ́. Mo rò pé wíwó ni wíwó. Ó ní rárá, a ó ṣí i ní ìpele-ìpele bí ẹni ń tú ewé kúrò lára ẹ̀kọ: ọ̀dà á lọ sí ibi kan tí wọn yóò tún un lò, òkúta á lọ sí ibi kan, ilẹ̀ pupa á lọ dí kòtò ibòmíràn. "Bàbá, a kì í da nǹkan nù," ló máa ń sọ. Èmi náà á ní, "Ó dáa, Ẹnjiníà, ẹ máa wí." Ẹ̀rọ tó ń fọ́ kọnkéré ń lù ú kọ́kọ́kọ́ bí ẹyẹ àkókó, àwọn èèyàn sì gbé àga jáde wá ń wòran.

Ọ̀gá mi wà lára wọn. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́síbítù ní ọdún yẹn, dókítà sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lápá kan. Ní òdìkejì, Ìyá Bíọ́lá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé àga Ọ̀gá sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gíga náà. Bí mo bá kí i tán, á ní, "Mùfú, má kánjú." Bí mo bá ti ń lọ, á tún pè mí padà, á ní, "Ṣùgbọ́n má pẹ́."

Òjò tún wá dí wa lọ́wọ́. Ẹnjiníà ní ilẹ̀ tó mu omi kò ṣeé wà, kí ó má baà ya lé wa lórí. Ó tọ̀nà, èmi tí ẹsẹ̀ mi ti kán kò lè bá a jiyàn. Àmọ́ nígbà tí mo bá wo àga yẹn láàárọ̀, tó ṣófo nítorí òjò, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó máà jẹ́ pé ìgbà tí a bá ṣí i tán ni àga yóò ṣófo títí.

Òjò dá, a padà síṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan, eyín ẹ̀rọ wọlé, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó ti ń ró gbì, gbì. Ó wá ń ró ṣẹ̀ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè. Yanrìn funfun ló ń dà láti ẹnu rẹ̀. Orí mi wú. Yanrìn tèmi ni! Èmi ni mo dà á síbẹ̀, nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣì dúdú. Ẹnjiníà náà ti rí i, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí gbogbo ẹ̀rọ dúró. Ó ní kí àwọn tó ní ṣọ́bìrì wọ ibẹ̀, kí wọ́n rọra. A fi ìgbálẹ̀ gbá èyí tó kù. Àpáta ayò jáde, kò fọ́, kò sán, ojú rẹ̀ ṣì ń dán níbi tí ọwọ́ àwọn baba ńlá ti kàn án. Ilẹ̀ tó yí i ká pọ́n, ó dì, ó tẹ́jú bí ẹni pé àná ni wọ́n gbá a.

Mo bọ́ bàtà. Mo dúró lórí rẹ̀, mo di ojú. Ó tutù. Ilẹ̀ àbáláyé. Gbogbo ẹrù tí a dì lé e lórí, gbogbo tírélà tó gba orí rẹ̀ kọjá, kò yí i padà. Omijé bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́, mi ò nù ún. Ojú mi ti rí ẹ̀rọ oríṣiríṣi, mo ti rí òkè tí a gé, mo ti rí odò tí a darí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kó jìnnìjìnnì bá mi tó ilẹ̀ lásán yẹn, tó kàn dúró de wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni a ti ṣí i débi tí èèyàn lè rìn kọjá. Àwọn ọmọ Ọ̀gá ní kó jẹ́ káwọn gbé e kọjá lójú ẹsẹ̀. Ó kọ̀.

"Ìkíni àárọ̀ ni. Ṣé ọ̀sán là ń kí èèyàn káàárọ̀?"

Wọ́n wò mí, mo wò wọ́n. Gbogbo wa la mọ ohun tí dókítà sọ. A fi í sílẹ̀. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá, ó ń dúró. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, ó fi ọ̀pá tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kó di èjìká mi mú, kí ẹnikẹ́ni máà gbé òun. Èmi ń tiro, òun ń gbọ̀n, a ń rìn. Ó dé ibi àpáta ayò, ó dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀ níbẹ̀, ó fi sílẹ̀. Oòrùn ti yọ kí a tó dé òdìkejì. Gbogbo Ìta Àgbálùmọ̀ ti jáde, lápá méjèèjì.

Ìyá Bíọ́lá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí Ọ̀gá kàn tẹríba, kó mọ níbẹ̀. Ó fi èjìká mi sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan kalẹ̀, ó gbé èkejì, ó na ara rẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó gbé gbogbo ohùn tó kù nínú rẹ̀ jáde.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi!"

Mo rò pé ìyá náà kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá abọ́ kiri lórí ilẹ̀, ó bu gàrí sínú rẹ̀ láti inú agbada, ó sì nà án sí ibi tí ohùn náà ti wá, láìgbójú sókè.

"O pẹ́ lénìí."